Kí Onílé Kí O Tó Yọ Kámẹ́rà

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ń fowó pamọ́ láti lọ sí Nagaland, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Íńdíà. Wọ́n ní kì í ṣe Kohima, olú ìlú rẹ̀, tí èrò ń rọ́ lọ lóṣù Kejìlá ni ọkàn rẹ fà sí, Mon ni. Inú mi dùn sí ìyẹn. Orí òkè ni Mon wà, ibẹ̀ sì ni olú ìlú àgbègbè àwọn Konyak, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Naga tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ ohun tí o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. O ní o fẹ́ lọ ya fọ́tò àwọn arúgbó tí wọ́n fín lójú, àwọn tó ń gé orí láyé àtijọ́, kí wọ́n tó kú tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò, nítorí arúgbó tó ní ilà lójú ni èmi náà, mo sì mọ bó ti máa ń rí lára ẹni tí wọ́n bá ń wò.

Àbàjà ni olóòlà kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nígbà tí n kò tíì lè jókòó. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́, mo dúró níwájú aláta, mò ń dúnàádúrà. Ọkùnrin kan gbé kámẹ́rà sí iwájú mi láìkí mi. Ó ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó rìn yí mi ká, ó ya tòsì. Ó wo ohun tó yà, ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọ́n kọ ilà yìí fún mi kí ẹni tó bá rí mi lè mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ọkùnrin yẹn ya ilà náà, kò sì béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bí o bá máa lọ ṣe irú ìyẹn fún arúgbó kan ní Mon, jókòó sílé rẹ, kí o fi owó ọkọ̀ náà ra nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o máa lọ, mo sì fẹ́ kí o lọ. Nítorí náà, jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé.

Àwọn Íńdíà kì í fi ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì ṣeré fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà, kí ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára rẹ kí o tó balẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Bí o bá dé láìmú káàdì yẹn dání, wọ́n lè sé ọ mọ́ ibì kan fún ọjọ́ mẹ́fà, físà rẹ kò sì ní gbà ọ́. Ti Nagaland tún wà lọ́tọ̀. Láti ọdún 1873 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá sí ilẹ̀ àwọn ará òkè yẹn láìgba ìwé àyè. Òfin náà kò tíì kú: ọmọ Íńdíà tí kì í ṣe ará ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba Inner Line Permit títí di òní. Ìwé àlejò òkèèrè yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìjọba ti dẹ ọwọ́ lórí rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 wọ́n tún mú un le, wọ́n ní kí àlejò gba Protected Area Permit kí ó tó wọ Nagaland, Manipur tàbí Mizoram. Béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti rí kí o tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kí o sì ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí dání, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà máa ń gbà á lọ́wọ́ èrò.

Assam, ìpínlẹ̀ tó bá Nagaland pààlà, ni o máa gbà. Jorhat tàbí Dibrugarh ni ọkọ̀ òfuurufú yóò já ọ sí, o máa gba Sonari, lẹ́yìn náà ni o ó máa gun òkè lọ sí Mon nínú ọkọ̀ jíìpù tí wọ́n ń pè ní Sumo, tí èrò máa ń fún mọ́ra nínú rẹ̀. Ọ̀nà náà kò dára. Má lọ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, nítorí òjò máa ń wó òkè lu títì mọ́lẹ̀. Ohun mìíràn tí àlejò kì í fọkàn sí ni oòrùn. Agogo kan ṣoṣo ni gbogbo Íńdíà ń lò, Nagaland sì wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn rẹ̀, nítorí náà nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bí o bá ní kí o sinmi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kí o tó jáde, òkùnkùn ni o máa bá níta. Ṣe bí wọ́n ti ń ṣe: jí ní kùtùkùtù.

Kò sí ohun tí o ó rí rà lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí àwọn Íńdíà ka iye ènìyàn wọn ní ọdún 2011, nǹkan bí méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ará Nagaland ló jẹ́ onígbàgbọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 1872 ni Edward Winter Clark, míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà, gun òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn Ao, ẹ̀yà Naga kan. Àwọn Konyak wà lára àwọn tó gba ìgbàgbọ́ náà kẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á tọkàntọkàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni o máa kọ́kọ́ rí lórí ọ̀pọ̀ òkè. Òfin sì ti de ọtí títà káàkiri ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 1989, nítorí náà má gbé ọtí lọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mẹ́nu ba ìgbàgbọ́ yìí nítorí mo mọ bí àwọn àlejò kan ṣe máa ń fajú ro. Wọ́n ti rí fọ́tò ọkùnrin tó fi ìyẹ́ hornbill, ẹyẹ tó bá àtíòro wa tan, sí fìlà, tó sì fi ìwo ẹran há etí. Wọ́n wá dé Mon, wọ́n bá ọmọdékùnrin tó wọ jíìnsì, tó gbé gìtá kọ́ èjìká, tó ń bọ̀ láti ìpàdé akọrin. Wọ́n ní àṣà ti bàjẹ́. Ta ló rán wọn? Ọmọ náà ń gbé ayé tirẹ̀ ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìwọ náà wọ jíìnsì lọ. Mo gbà pé àwọn míṣọ́nnárì pa ohun tó dára run níbẹ̀, bí wọ́n ti ṣe nílẹ̀ wa: wọ́n kẹ̀yìn sí morung, ilé ńlá tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń sùn sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìtàn, iṣẹ́ ọnà àti òfin ìlú lẹ́nu àgbà. Ní ibi púpọ̀ morung dahoro. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí. Ṣùgbọ́n àwọn Naga fúnra wọn yóò sọ fún ọ pé nígbà tí ìgbàgbọ́ dé ni abúlé sí abúlé tó lè sùn fọkàn balẹ̀. Àwọn ni wọ́n ni ẹjọ́ náà, àwọn náà ni kó dá a. Tìrẹ ni kí o gbọ́.

Morung kò sì tíì parẹ́ tán. Níbi tó bá kù, wo òpó rẹ̀ dáadáa: ẹkùn, erin, ènìyàn àti ẹyẹ hornbill ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. Wo ìlù tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Odindi igi ńlá ni wọ́n wó lulẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fi ọmọ odó lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlù náà ni wọ́n fi ń kéde ogun, iná, ikú àti ọdún. Má gun orí rẹ̀ ya fọ́tò.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ti ojú tí wọ́n fín, ohun tí o torí rẹ̀ ń lọ.

Láyé àtijọ́, bí jagunjagun Konyak bá gbé orí ọ̀tá wálé, ìlú gbà pé agbára wà nínú orí náà tó máa mú kí irúgbìn yè, kí ọmọ pọ̀, kí ìlú sì lágbára. Ìwọ ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ sọ pé èyí jẹ́ ìwà òmùgọ̀ pátápátá, nítorí o mọ ohun tí orí jẹ́ nílé tìrẹ. Mi ò sọ pé ó dára. Orí tí wọ́n gé ní ìyá tó bí i, ìyá náà sì sunkún. Lẹ́yìn ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fín jagunjagun lójú: ẹ̀gún ni wọ́n fi ń gún un, obìnrin ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà, láti ìdílé Angh, ọba wọn. Ẹ̀gbà ọrùn tí ère orí kéékèèké oníde wà lára rẹ̀ tún máa ń jẹ́rìí. Gbogbo ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù tó ní àmì náà lójú ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n sì ń lọ lọ́dọọdún. Ọmọ Konyak kan, Phejin Konyak, ti rìn láti abúlé dé abúlé láti kọ ìtàn wọn sílẹ̀, ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 2017 pẹ̀lú fọ́tò tí Peter Bos yà. Ka ìwé náà kí o tó lọ. Ó mọ orúkọ àwọn ènìyàn tó kọ nípa wọn.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Bangalore, ó mú mi lọ sí Longwa, abúlé kan tó jìnnà sí Mon ní nǹkan bí ogójì kìlómítà. Wọ́n mú mi wọ ilé arúgbó kan. Ààrò wà láàárín ilé, èéfín ti sọ òrùlé di dúdú, ẹran gbígbẹ rọ̀ sórí iná. Ó na àpótí sí mi, mo jókòó. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi títí, lẹ́yìn náà ó na ìka, ó fi tọ ilà mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti etí wá sí ẹnu. Ó ní kí ọmọ tó mú wa wá bi mí léèrè ohun tí mo ṣe tí wọ́n fi kọ ọ́ fún mi. Mo ní n kò ṣe nǹkan kan, wọ́n bí mi ni. Ó ronú sí i. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ mi ní tiwọn. Mo ní rárá, ọmọ mi ló jókòó yìí. Ó wo ojú ọmọ mi tó mọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun.

Mi ò béèrè orí mélòó ló gé. Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ náà má béèrè, bó ti wù kí ẹni tó mú ọ dé ibẹ̀ gbà ọ́ níyànjú tó. Ìbéèrè tí gbogbo àlejò ń bi wọ́n nìyẹn, ó ti sú wọn, ẹlòmíràn nínú wọn sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò fẹ́ rántí. Bí ó bá wù ú, yóò sọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ìrẹsì oko rẹ̀ ni arúgbó náà fẹ́ sọ, pé òjò kò dé lásìkò, àti ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Dimapur tí kì í pè é. Ó pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yẹn. Èmi náà ní ọmọ-ọmọ. Nígbà tí a fi máa dìde, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ mi ya àwa méjèèjì.

Ìyàtọ̀ wà láàárín tiwọn àti tiwa o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pò ó pọ̀ fún ọ. Ilà wa, ti ìdílé ni, a sì ń kọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan. Tiwọn, jagunjagun ló ń gbà á. Tiwa kò béèrè ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀, mo sì gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó so wá pọ̀ ni pé àwa la ṣẹ́kù, ojú wa sì ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá wò.

Bí arúgbó bá ní kí o sanwó kí o tó ya òun, san, má sì bínú. Àwọn kan máa ń sọ pé owó ti ba ìṣeun àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn jẹ́. Irọ́ ni. Àlejò ń ta fọ́tò wọn, ó ń fi wọ́n gba ẹ̀bùn, ó ń fi wọ́n kó èrò jọ sórí fóònù. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ arúgbó tó bá gba owó ẹ̀fọ́? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò gbọdọ̀ rà fún un. Àwọn arúgbó kan ní Longwa ti jìn sọ́wọ́ ọ̀píọ́ọ̀mù, oògùn olóró tí wọ́n ń fà bí ìkòkò tábà. Àwọn kan wà tó máa ń fún wọn lówó kí wọ́n fà á kí èéfín lè hàn nínú fọ́tò. Ìwà ìkà ni. Ọ̀pọ̀ ilé ni oògùn yẹn ti sọ di òtòṣì, àwọn ìyá àti ìjọ ibẹ̀ sì ti ń bá a jà tipẹ́.

Longwa yẹn ní ohun mìíràn tí yóò yà ọ́ lẹ́nu. Ààlà Íńdíà àti Myanmar, Bọ́mà àwọn bàbá wa, gba àárín abúlé náà kọjá, ó sì gba inú ilé Angh gan-an. Ọdún 1967 ni ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ààlà wọn. Abúlé ti wà níbẹ̀ kí ìwé náà tó wà. Àṣẹ Angh náà dé àwọn abúlé kan ní òdì kejì. Ìwọ tó mọ̀ pé ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fi Kétu sí Benin, tó sì fi Ìmẹ̀kọ sí Nàìjíríà, ó yẹ kí o tètè lóye. Tẹ́lẹ̀, òfin jẹ́ kí àwọn ará ààlà lọ kí wọ́n sì bọ̀ láìgba físà. Ní ọdún 2024 ìjọba Íńdíà kéde pé òun máa fòpin sí i, pé òun máa sọgbà sí ààlà náà, àwọn ará Longwa sì fi ẹ̀hónú hàn. Bí o bá dúró nínú ilé náà, tí ẹni tó mú ọ wá sọ pé ẹsẹ̀ rẹ kan wà ní orílẹ̀-èdè kan, èkejì ní òmíràn, ya fọ́tò rẹ bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí oko rẹ̀ wà àti ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé. Bí o bá kọjá lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, dúró díẹ̀. Wọ́n ṣì ń rọ ìbọn níbẹ̀, irú ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò, bí ọ̀gá náà sì ti ń fi ojú kan wo inú ọ̀pá ìbọn bóyá ó tọ́, o lè wò ó títí láìsú.

Má gbàgbé pé ènìyàn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni o ń lọ kí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn ọmọ ogun Íńdíà yìnbọn lu ọkọ̀ tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ kùsà èédú bọ̀ wálé ní Oting, ní àgbègbè Mon yìí kan náà. Mẹ́fà kú. Nígbà tí àwọn ará ìlú jáde lọ wá wọn, ìjà ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn tún kú pẹ̀lú ọmọ ogun kan. Lọ́jọ́ kejì ọ̀kan tún kú nínú ìlú Mon. Àwọn ọmọ ogun ní àwọn ṣì wọ́n mú fún ajàjàgbara ni. Ayẹyẹ Hornbill ń lọ lọ́wọ́ lọ́dún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ dá a dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò: láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn Naga kan ti ń jà fún òmìnira, òfin tí wọ́n ń pè ní AFSPA sì ti fún ọmọ ogun ní agbára ńlá níbẹ̀ láti ọdún 1958. Ìjọba àti ẹgbẹ́ ajàjàgbara tó tóbi jù dáwọ́ ìjà dúró ní ọdún 1997, àlàáfíà tòótọ́ ni wọ́n ṣì ń wá. Má ya fọ́tò sójà. Má sì jókòó nílé oúnjẹ máa dá ẹjọ́ òṣèlú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dárúkọ Oting fún ọ, jẹ́ kó hàn pé o ti gbọ́.

Ayẹyẹ Hornbill tí mo dárúkọ yẹn, ọdún 2000 ni ìjọba dá a sílẹ̀, ó sì máa ń wáyé láti ọjọ́ kìíní sí ìkẹwàá oṣù Kejìlá ní Kisama, nítòsí Kohima. Gbogbo ẹ̀yà ló ń pàdé níbẹ̀, morung wọn tò lọ rẹrẹ, ijó àti aṣọ wọn dára wò. Kò burú kí o yà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá lè ní sùúrù, dúró de Aoling, ọdún àwọn Konyak fúnra wọn, tó máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbin irúgbìn tán. Ti ìdílé ni ìyẹn. Wọ́n á pa ẹran, ọmọ tó wà lẹ́yìn odi á wálé, àwọn ẹbí á máa lọ kí ara wọn. Bí wọ́n bá pè ọ́ jẹun lọ́jọ́ náà, o ti rí ohun tí kámẹ́rà kò lè rí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, bí wọ́n ti ń wí. Nídìí oúnjẹ ni ojú rẹ̀ ti máa ń là.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò sì gbọdọ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ìrẹsì ni àwọn Naga ń jẹ, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan lórí èéfín fún ọjọ́ pípẹ́, ọ̀mùnú oparun àti ata kan tó jóni ju àtarodo lọ fíìfíì. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n á fi ewé wé, tí wọ́n á sì fi sítòsí iná títí yóò fi rà. Axone ni wọ́n ń pè é, àwọn Sumi, ẹ̀yà Naga mìíràn, ló lókìkí jù fún un. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí ìkòkò rẹ̀, àwọn àlejò mìíràn á dí imú. Ìwọ kò ní dí imú, nítorí bí irú ìyá rẹ ni. Mo jẹ ẹ́, mo tún bu òmíràn, ìyálé ilé náà sì ń wò mí bí ẹni pé mo ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́. Bí o kì í bá jẹ ẹran kan, sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n tó tan iná. Kí o má ṣe ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹni tó sè é.

Ra nǹkan lọ́wọ́ wọn: aṣọ tí obìnrin hun, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sìn, apẹ̀rẹ̀ oparun. Béèrè kí o tó ra aṣọ láti wọ̀, nítorí àwọn aṣọ kan wà nílẹ̀ Naga tí kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ti ṣe ohun kan fún ìlú. Má ra orí ènìyàn, egungun, tàbí ohun àtijọ́ tí wọ́n yọ lára morung, kódà bí ẹni tó ń tà á bá búra pé ti bàbá òun ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé ìtajà gbàǹjo kan ní ìlú Òyìnbó gbé agbárí Naga kan tí wọ́n so ìwo mọ́ jáde pé òun fẹ́ tà. Olórí ìjọba Nagaland, Neiphiu Rio, àti àwọn Naga káàkiri ké gbàjarè, wọ́n sì fà á kúrò. Orí ẹnìkan ni. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford; wọ́n ti kó wọn kúrò níbi tí èrò ti ń wò wọ́n láti ọdún 2020, àwọn àgbà Naga sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe kó wọn wálé. Àwa tí a ṣì ń wá ohun tí wọ́n kó lọ ní ilẹ̀ wa kò lè máa ra tẹlòmíràn.

Bí o bá máa gba Kohima padà, ya ibi ìsìnkú ogun. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Japan àti ti Gẹ̀ẹ́sì já ìjà àjàkú-akátá lórí òkè yẹn, wọ́n tilẹ̀ jà á ní pápá tẹ́nììsì ilé aṣojú ìjọba, ibojì tó lé ní 1,400 ló sì wà níbẹ̀. Ogun yẹn kan náà ló gbé àwọn bàbá wa lọ sí Bọ́mà. Ìhà gúúsù, ní Arakan, ni ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti jà jù, kì í ṣe Kohima. Isaac Fadoyebo láti Emùré-Ilé wà lára wọn. Ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú tàbí wọ́n tú ká, àwọn ará abúlé tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ọ̀tá, wọ́n ń bọ́ ọ. Ìdílé kan gbà á sínú ilé, bẹ́ẹ̀ bí àwọn ọmọ ogun Japan bá rí i níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa kú. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì dàgbà di arúgbó kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2012.

Nítorí náà, bí o bá wọ ilé, bọ́ bàtà bí wọ́n bá bọ́, kí onílé kí o tó kí ọmọ rẹ̀, jókòó síbi tí wọ́n bá fi ọ́ sí, mu tíì tí wọ́n bá gbé wá. Sọ orúkọ rẹ àti ti ìlú rẹ. Fi fọ́tò ìyá rẹ hàn wọ́n, wọn yóò fẹ́ rí i. Kámẹ́rà lè dúró nínú àpò títí di ọjọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni tí o bá sì yà, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ti pè é, àti orúkọ abúlé rẹ̀, kí o tẹ fọ́tò náà sórí bébà, kí o sì fi ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ọmọ tó mú ọ kiri. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ti ṣèlérí ìyẹn fún wọn. Tìrẹ, rí i pé ó dé. Bí físà bá jáde, tẹ̀ mí láago, mo fẹ́ fún ọ ní fọ́tò tèmi àti ti arúgbó yẹn kí o bá mi mú un lọ, nítorí ẹ̀dà tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ti gbó, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Dimapur sì ní òun fẹ́ tuntun.